Ẹ Wádìí Rẹ̀ Dájú: Ẹ̀kọ́ Tí Ìdin Kọ́ Wa ní Ilé-Kéwú

  



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí dá lórí ìwádìí. Nínú Suuratul Hujuraat (49:6), Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé bí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá gbé ìròyìn wá bá wọn, kí wọn ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí wọn ó má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan ní ibi, kí ọ̀rọ̀ má sì di àbámọ̀ sí wọn lọ́wọ́. Nínú Suuratul Israa (17:36), ó tún kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé etí wa, ojú wa àti ọkàn wa ni a óò jíhìn lé lórí.

A ti gbọ́ àwọn ẹsẹ wọ̀nyí lórí mínbárì títí tí wọ́n fi mọ́ wa létí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń gbọ́ lásán ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, wọn kò tíì di ohun tí a ń fi ọwọ́ wa ṣe. Bí a ṣe lè fi wọ́n ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ fi ìtàn kékeré kan ṣàlàyé, ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-kéwú wa ní Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹja, eṣinṣin àti ìdin ni ìtàn náà dá lé. Kí ẹnikẹ́ni má yínmú sí i o, nítorí pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ sọ nínú Suuratul Baqarah (2:26) pé ojú kì í ti Òun láti fi ẹ̀fọn ṣe àpèjúwe.

ÀHESỌ LÓRÍ ẸJA

Màmá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò ilé-kéwú wa tí wọ́n ń ta ẹja tútù. Ní ọjọ́ kan, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa ra ẹja lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó gbé ẹja sínú abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, kò dé e, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí yóò fi rántí rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìdin wẹ́wẹ́ ti ń rìn lára ẹja.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Àwọn kan ní ẹja tí ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá ń tà. Àwọn kan ní ìdin ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ohun tí ó burú ju èyí lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, pé ọwọ́ Màmá kò mọ́. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ kéwú wa ti ń di imú bí Màmá bá gbé igbá kọjá.

A pè wọ́n jókòó. A bi wọ́n pé: "Ta ni ó rí ìdin lára ẹja náà nígbà tí Màmá tà á?" Kò sí ẹni tí ó rí i. A tún bi wọ́n pé: "Níbo ni ìdin ti ń wá?" Ọ̀pọ̀ wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ara ẹja ni, pé bí ẹran tàbí ẹja bá ti rà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bí ìdin. Ọmọbìnrin kan ní eṣinṣin ni ó ń mú un wá. A bi í bí ó ṣe mọ̀, ó ní tíṣà àwọn ni ó sọ ọ́ ní ilé ìwé. A bi àwọn yòókù bí àwọn náà ṣe mọ̀ pé ara ẹja ni, wọ́n ní àwọn àgbà ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni a rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ ni. Kò sí ẹni tí ó wò ó. Kí a má sì parọ́, àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn náà kò tíì wò ó rí. Inú ìwé ni a ti kà á nígbà tí a wà ní yunifásítì, a sì gbà á gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe gba ti àwọn àgbà gbọ́. Nítorí náà a sọ fún wọn pé a kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ́jọ́ náà. A óò wò ó.

ÌGÒ MẸ́SÀN-ÁN LÁBẸ́ IGI MÁŃGÒRÒ

Ìdánwò tí a ṣe yìí, àwa kọ́ ni a dá a sílẹ̀. Oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Ítálì tí ń jẹ́ Francesco Redi ni ó ṣe irú rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní 1668. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ṣì gbà pé ẹran rírà ni ó ń bí ìdin. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n ní irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ Màmá yìí kan náà ni a ti ra ẹja. A gé e sí ọ̀nà mẹ́sàn-án tí wọ́n tóbi bákan náà. A wá ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà mẹ́sàn-án, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n. A pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, a sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò mẹ́ta. Wọ́n ṣí ẹnu ìgò kìíní sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré bo ẹnu ìgò kejì, wọ́n sì fi rọ́bà dè é. Ìgò kẹta, ìdérí rẹ̀ ni wọ́n fi dé e pinpin. Abẹ́ igi máńgòrò kan náà ni a to gbogbo wọn sí.

A ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí ẹja inú ìgò kan bá tóbi ju ti èkejì lọ, tí ọ̀kan wà nínú oòrùn tí èkejì wà lábẹ́ ibòòji, tí a sì wá rí ìdin nínú ọ̀kan, a kò ní mọ èwo nínú gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni ó fà á. Ohun kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ìyẹn ni ẹnu ìgò. Ìdí tí ìgò fi jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta nìyí pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ kòńgẹ́.

A tún ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i kí a tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ ènìyàn tètè máa ń gbàgbé àṣìṣe rẹ̀. Bí òtítọ́ bá ti yọ, gbogbo wa ni a máa ń ní àwa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: "Alfa, bí ìdin kò bá sí nínú èyí tí a dé pa, ṣé kì í ṣe pé kò rí atẹ́gùn ni kò fi lè yọ?" Inú wa dùn púpọ̀ sí ìbéèrè yìí, nítorí ìdí tí àwọ̀n fi wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Atẹ́gùn ń gba ojú àwọ̀n wọlé, eṣinṣin kò lè gba ibẹ̀. Bí ìdin bá kọ̀ tí kò yọ nínú ìgò tí a fi àwọ̀n bò, a kò lè sọ pé àìsí atẹ́gùn ni.

Ọjọ́ Sátidé ni a bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni a ń lọ wò ó. Nínú àwọn ìgò tí a ṣí sílẹ̀, eṣinṣin ń wọlé, ó ń jáde. Ní ọjọ́ kejì, a rí ohun funfun wẹ́wẹ́ lára ẹja, èyí ni ẹyin wọn, ìdin tín-ín-tín sì ti ń yọ láti inú àwọn mìíràn. Lórí àwọ̀n, eṣinṣin kóra jọ nítorí òórùn ẹja, àwọn kan sì yé ẹyin sójú àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ara ẹja kò ní ìdin. Nínú àwọn tí a dé pa, ẹja rà, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kò sí ìdin. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Àwa náà ti ń múra ọ̀rọ̀ tí a óò fi parí ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nínú ọkàn wa.

ÌGÒ KẸSÀN-ÁN

Ní ọjọ́ kẹta, ìdin wà nínú ìgò kẹsàn-án. Ìgò tí ọ̀wọ́ kẹta dé pinpin ni. Àwọn tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ẹja ni ìdin ti ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ní: "Alfa, ẹ wá wò ó! Ẹja ni ó bí i!"

Ẹ̀yin ará wa, ibí yìí ni Bìlísì ti bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí a gbé ìgò yẹn dà nù. Ó ní mẹ́jọ yòókù ti fi òtítọ́ hàn, pé àwọn ọmọdé ni wọ̀nyí, ọ̀kan yìí yóò kàn dà wọ́n láàmú ni. Ó ní òtítọ́ ni a ń gbèjà, kí ni aburú tí ó wà nínú irọ́ kékeré tí ó gbe òtítọ́? A jẹ́wọ́ pé ọwọ́ wa ti dé ara ìgò náà. Ohun tí ó dá wa dúró ni ojú ọmọbìnrin kan nínú ọ̀wọ́ kẹta, tí ó ń wò wá láti mọ ohun tí a fẹ́ ṣe.

A gbé ìgò náà padà sí àyè rẹ̀. A mú kálámù, a kọ ọ́ sínú ìwé pé: ìgò kẹsàn-án, a dé e, ìdin sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a jókòó ti ọ̀wọ́ kẹta, a ní kí wọn ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún wa, kí wọn ó má bẹ̀rù. Ọmọbìnrin yẹn ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti fi ẹja sínú ìgò náà, ìdérí ni àwọn ń wá nígbà tí wọ́n pe ìrun Àyìlá. Àwọn fi í sílẹ̀, àwọn lọ kírun, ìgbà tí àwọn dé ni àwọn tó dé e.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kígbe pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. A ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àbá ni, kò tíì di ìmọ̀. A kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé àbá náà dùn mọ́ wa kí a gbà á láìwò ó, nígbà tí a kò gba ti àwọn tí wọ́n ń bú Màmá. Nítorí náà, ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a fi ẹja sínú ìgò mẹ́fà. A dé mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. A fi mẹ́ta sílẹ̀ ní ṣíṣí, a lọ kírun Àyìlá, a sì dé wọn nígbà tí a padà dé. Nígbà tí ó ṣe, kò sí ìdin nínú ọ̀kankan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú mẹ́ta kejì, ìdin wà nínú méjì, kò sí nínú ìkẹta, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé eṣinṣin kò bà lé e ni. Bí a ṣe rí i náà ni a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a bá ti da ìgò kẹsàn-án nù ni, àwọn ọmọ wa ìbá mọ̀ pé eṣinṣin ni ó ń mú ìdin wá. Ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ̀ pé àkókò ìrun Àyìlá kan ṣoṣo ti tó fún eṣinṣin láti ba ẹja jẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọmọbìnrin yẹn ìbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́dọ̀ alfa rẹ̀, pé bí òtítọ́ kò bá gbè ọ́, kí o sin ín.

ỌJỌ́ TÍ OÒRÙN ṢÓKÙNKÙN NÍ MADIINAH

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòkọ́ṣe wa. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa (S.A.W.), kú ní Madiinah ní ọmọ ọwọ́, oòrùn ṣókùnkùn ní ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ Ànábì ni. Ẹ rò ó wò. Ọkàn bàbá gbọgbẹ́, àwọn ọ̀tá ń wá ohun tí wọn yóò fi tàbùkù rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí yóò gbé ilé rẹ̀ ga. Bí ó bá dákẹ́ lásán, ọ̀pọ̀ ìbá tún gbà á gbọ́ sí i. Kò dákẹ́. Hádíìsì tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim fi yé wa pé ó dìde, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí nítorí ìṣẹ̀mí rẹ̀, ó sì ní bí àwọn bá rí i kí àwọn kírun.

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn ènìyàn sì sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Irú rẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí Màmá: ó ta ẹja, ìdin sì yọ. Ànábì wa (S.A.W.) kò gba ẹ̀rí tí kò dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni ẹ̀rí náà ń pọ́n lé. Ta ni àwa tí a óò máa fi irọ́ gbe òtítọ́?

Ẹ tún wò ó, òun náà ni ó pa á láṣẹ nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé kí a máa bo àwọn ohun èlò wa ní alẹ́, kí a sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i. A ti há hádíìsì yẹn sórí láti kékeré. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa fi ojú ara wọn rí eṣinṣin lórí àwọ̀n ni a tó rí i tí wọ́n ń bo abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí.

ṢÉ ÌMỌ̀ ÒYÌNBÓ NI?

Àwọn kan yóò ní sáyẹ́ǹsì ni èyí, pé ti òyìnbó ni, kí ni ó kan ilé-kéwú? Ìdáhùn wa ni pé àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn ti wà lórí rẹ̀ tipẹ́. Kí Ìmáàmù Bukhari (tí ó kú ní 870) tó gba hádíìsì kan sínú ìwé rẹ̀, yóò wádìí ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta, ṣé àwọn méjèèjì pàdé ara wọn, ṣé olódodo ni, ṣé ọpọlọ rẹ̀ sì mú ọ̀rọ̀ dúró. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí 965, tí ó sì kú ní Cairo ní nǹkan bí 1040, fi irú ìṣọ́ra yìí wo ìmọ́lẹ̀. Ó gbé fìtílà mélòó kan sí ọ̀kánkán ihò kan tí ó wọ inú yàrá òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ lára ògiri. Bí ó bá bo fìtílà kan, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò pòórá. Bí ó bá ṣí i, yóò padà. Báyìí ni ó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà, tí wọn kò sì dà pọ̀ nínú ihò náà. Òun náà ni ó kìlọ̀ pé kí ẹni tí ń wá òtítọ́ máa fura sí ohun tí ó ń kà, kí ó sì máa fura sí ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó bá sì jẹ́ ti èdè ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa (1923–2010), Mùsùlùmí tí ó jẹ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà kan, ni ó ṣáájú ìdánwò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Ẹ ò rí i pé ìdánwò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi dá àwọn tí ń ṣiyèméjì lóhùn.

Ìbéèrè kejì tí ọ̀dọ́ kan bi wá ṣòro ju èyí lọ. Ó ní: "Bí a bá ń yẹ gbogbo nǹkan wò báyìí, ṣé a kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ẹ̀sìn?" Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn àwọn igi dàbínù ní Madiinah, tí Muslim gbà wá. Ànábì wa (S.A.W.) rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi akọ dàbínù sí abo, ó ní bóyá bí wọn kò bá ṣe é yóò dára. Wọ́n fi í sílẹ̀, èso wọn sì dínkù. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó fi yé wọn pé ènìyàn ni òun: ohun tí òun bá pa láṣẹ nínú ẹ̀sìn, kí wọn ó dì í mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ayé wọn, àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Iye rákà ìrun Àsùbá, a kì í fi ìgò wá a. Ohun tí ó ń ba ẹja jẹ́, Ọlọ́hun fún wa ní ojú àti ọpọlọ láti fi wá a. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì ni yóò ṣìnà. Ànábì Ibrahim (A.S.) pàápàá bẹ Olúwa rẹ̀ kí ó fi bí ó ṣe ń jí òkú han òun (2:260). Ó ti gbàgbọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó ń wá. Ọlọ́hun kò lé e dànù, ó fi hàn án.

BÍ ÀHESỌ BÁ DI TI ÌLÚ

Bóyá ẹnì kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹja kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀. Ní 2003, ìròyìn gba àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya pé oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sí àwọn ọmọdé lẹ́nu ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan dá iṣẹ́ náà dúró, Kano sì wà lórí rẹ̀ títí di oṣù keje 2004. Kí a má ṣe àbòsí, ìfura wọn ní ìdí. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kan ti dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé ní Kano, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gbé ìfura káàkiri bí ẹni pé ìmọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò tán, tí Kano sì gbà láti lo èyí tí ó wá láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n àrùn kò dúró de ènìyàn. Ó ti ti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2005, ó dé Indonesia náà, àwọn tí wọ́n yẹ kòkòrò rẹ̀ wò sì tọ orírun rẹ̀ dé Nàìjíríà. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ àbáláyé. Àwọn ọmọ tí wọ́n rọ lẹ́sẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí àlàyé tí ó lè dá ẹsẹ̀ wọn padà.

ỌNÀ TÍ A Ó GBÀ

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, bí ọ̀rọ̀ kan bá dé etí yín, ẹ jẹ́ kí a máa tọ ọ̀nà yìí:

Èkíní, ẹ béèrè ta ni ó rí i, kì í ṣe ta ni ó gbọ́ ọ.

Èkejì, ẹ pe àbá ní àbá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kí ẹ má baà yí i padà nígbà tí ojú bá tì yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ọ̀nà tí àbá náà lè fi já sí irọ́. Àbá tí kò sí ohun tí ó lè já a, kò sí ohun tí a lè fi mọ òtítọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń dán nǹkan wò, ohun kan ṣoṣo ni kí ó yàtọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí, pàápàá èyí tí kò gbè yín.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má sọ ju ohun tí ẹ rí lọ. Bí ohun tí ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ bá já sí àṣìṣe, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ tún un sọ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà yìí ni ó gbé àwa àti àwọn ọmọ kéwú wa dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ìgò wa kò fi hàn pé kò sí eṣinṣin kankan ní ìsọ̀ wọn, a kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹja tí ó wà ní ṣíṣí láti Àlàásárì di ọ̀sán ọjọ́ kejì lè kún fún ìdin láìjẹ́ pé ẹni tí ó tà á ṣe ohunkóhun. Àwọn tí wọ́n bú wọn kò ní ẹ̀rí. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n bẹ Màmá. Màmá ní àwọn ti dárí jì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa, wọ́n ní: "Alfa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí kò wá síbí náà o."

A ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà, a kò sì tíì bá gbogbo wọn pàdé. Àhesọ tètè dé ibi gbogbo, àtúnṣe rẹ̀ kì í dé ìdajì ibẹ̀. Lóde òní tí ó jẹ́ pé orí fóònù ni ọ̀rọ̀ ń gbà, tí ìka kan ṣoṣo lè fi í ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ìka wa bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò jẹ́rìí (36:65).

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé ní kéwú, ẹ dán ìgò wò pẹ̀lú wọn. Owó rẹ̀ kò ju ti ẹja kan lọ. Ẹ jẹ́ kí wọn ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì ri ẹja náà mọ́lẹ̀ bí ẹ bá parí. Bí ìgò kẹsàn-án tiyín bá dé, ẹ má dà á nù.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí ó sì fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Kí ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí ó sì jẹ́ kí a jìnnà sí i. Kí ó dárí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti sọ láìmọ̀ jì wá, kí ó sì rọ àwọn tí a fi ẹnu bà lórúkọ jẹ́ lọ́kàn sí wa kí ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀ tó dé. Aamiin.